Fídíò Ìpolówó: Kí Ló Ń Mú Oníbàárà Pe Fóònù?

Irú fídíò kan wà tó ti kún orí fóònù wa báyìí. Orúkọ ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa yí bírí, iná á máa kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orin á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan á wá sọ pé àwọn ni aṣíwájú nídìí iṣẹ́ náà, pé iṣẹ́ àwọn kò lẹ́gbẹ́, pé ẹni tó bá wá kò ní kábàámọ̀. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta á yọ, ó parí. Ẹni tó wò ó tán kò mọ ohun tí ọ̀gá náà ń ṣe ní pàtó, kò rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò mọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wà, kò sì mọ ohun tó yẹ kóun mú dání lọ bá a. Bẹ́ẹ̀ owó ti lọ sórí fídíò yẹn.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe oníbísíkíìtì tàbí onímílíìkì tó ń polówó ọjà fún gbogbo Nàìjíríà. Lọ́yà ni, sọ̀féyọ̀, ayàwòrán-ilé, oníṣirò owó, olóògùn òyìnbó, onílé ẹ̀kọ́, àti àwọn ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dunjú: káfíńtà, bíríkìlà, telọ, oní-sọ́ọ̀míìlì. Tó bá jẹ́ pé Òkè-Ṣọpẹ́n ni irú wọn wà, tàbí Àtìkòrí, Òkè-Àgbò, Ọ̀jọ́wọ̀ tàbí Jàpàrà, ìyẹn àwọn ìlú márùn-ún tó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, oníbàárà wọn lè wà l'Ékòó, ó sì lè wà ní Peckham ní London. Ohun tí ẹni náà fẹ́ rà kò ṣeé gbé sókè yẹ̀ wò bí isu. Ìmọ̀ ló ń rà, àti òótọ́ inú ẹni tó ní ìmọ̀ náà. Ṣé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì wá lè mú iṣẹ́ wá fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀? Irú fídíò wo sì ni? Èmi gbà pé ó lè mú un wá, ṣùgbọ́n kìkì èyí tó bá dojú kọ ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù ni. Ìyókù, ariwo lásán ni.

Ìpolówó kò ṣàjèjì sí wa. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ amóhùnmáwòrán, ẹni tó ń kiri mọ́ínmọ́ín ti mọ̀ pé kò tó kóun sọ pé ọjà òun dára. Á ní ó gbóná fẹlifẹli, torí ohun tí ẹni tí ebi ń pa fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Àwọn òṣèré alárìnkiri, irú ti Hubert Ogunde ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, máa ń fi ọkọ̀ yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìpolówó aláwòrán bọ́ sọ́wọ́ olówó. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi West African Publicity, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 tó sì padà di Lintas, ni wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀, ọjà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n sì ń polówó. Ta ni káfíńtà Òkè-Ṣọpẹ́n níbẹ̀?

Fóònù alágbèéká ló ṣílẹ̀kùn. GSM dé ní 2001. Glo, ilé iṣẹ́ Mike Adenuga tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 pẹ̀lú owó ìpè tí wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá, mẹ̀kúnnù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí fóònù lò. YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Fídíò àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún náà, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 19 lọ: ọ̀dọ́kùnrin kan dúró níwájú erin ní ọgbà ẹranko, ó ń sọ̀rọ̀. Instagram gba fídíò láyè ní 2013, sítátọ́ọ̀sì WhatsApp dé ní 2017, WhatsApp Business tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ohun tó ń gba odindi ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí telọ lè fi fóònù rẹ̀ ṣe kó tó jẹun àárọ̀. Kí ló wá dé tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò mú iṣẹ́ wá?

Ẹni tó ń wò ó ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Láàárín ìlú, a mọ ara wa. Ẹni tó ń wá bíríkìlà ní Òkè-Ṣọpẹ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, kò ní lọ tú YouTube. Èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ sọ. Nílùú tó tó báyìí, fídíò kì í sáábà jẹ́ ibi tí oníbàárà ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹni. Ẹ̀gbọ́n ló dárúkọ rẹ fún àbúrò, tàbí ìyá ló dárúkọ rẹ fún ọmọ tó wà lókè òkun, ọmọ náà wá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí irú ẹni tó o jẹ́ kó tó fowó ránṣẹ́. Fídíò wá ń ṣe ẹlẹ́rìí fún ohun tí ẹlòmíràn ti sọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fídíò tí ìyá àgbà lè fi ránṣẹ́ sọ́mọ lórí WhatsApp wúlò ju èyí tí ọ̀kẹ́ àìmọye àjèjì wò lọ.

Ohun tó sì ń ba ọmọ náà lẹ́rù kò fara sin. Gbogbo ilé ló ní ìtàn rẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun fi owó ilé ránṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, wọ́n ń fi fọ́tò ilé onílé ránṣẹ́ sí i pé tirẹ̀ ti dé lẹ́ńtẹ̀ẹ̀lì, ó délé, ó bá koríko. Tàbí ilẹ̀ tó rà ti ní olówó méjì. Tàbí ilé dúró lóòótọ́, àmọ́ irin tó wà nínú dẹ́kìn kò tó. Ìbẹ̀rù yìí ni sọ̀féyọ̀, lọ́yà, ayàwòrán-ilé àti bíríkìlà gbọ́dọ̀ dáhùn, kò sì sí bí ìyìn ara ẹni ṣe lè dáhùn rẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì náà mọ ara rẹ̀ yìn.

Ká ní sọ̀féyọ̀ kan fẹ́ ṣe fídíò. Kó má jókòó sí ọ́fíìsì níwájú ìwé ẹ̀rí tó kọ́ sára ògiri. Kó lọ sórí ilẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò náà láti ibi tí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀, bí ìta ààfin Orímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, kó sì máa rìn lọ láìdá fídíò dúró títí á fi dé igun ilẹ̀ tó fẹ́ fi ṣàlàyé. Níbẹ̀, kó fọwọ́ nu erùpẹ̀ kúrò lórí òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà orí rẹ̀ hàn. Kó tẹ́ ìwé àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fìka tọ́ nọ́ńbà kan náà nínú ìwé, kó wá sọ pé: “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tí nọ́ńbà orí òpó bá yàtọ̀ sí tinú ìwé, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Tó bá dọ́gba náà, ẹ jẹ́ ká gbé ìwé yìí lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.” Àlàyé orí ilẹ̀ náà kò lè kún ìṣẹ́jú méjì. Kò sọ níbì kankan pé òun mọṣẹ́. Ẹni tó wò ó ti rí i pé ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti rí i pé ó kọ́ òun ní ohun tóun lè fi yẹ òun fúnra rẹ̀ wò.

Ti bíríkìlà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ti da kọnkéré sórí dẹ́kìn, kò sẹ́ni tó tún lè mọ iye irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wákàtí tó ṣíwájú dídà náà ni kí ó ya fídíò. Kó na téèpù sáàárín irin kan sí èkejì, kó mú kámẹ́rà sún mọ́ ọn kí nọ́ńbà orí téèpù ṣeé kà, kó fi bí irin ṣe nípọn tó hàn, kó fi àwọn òkúta kéékèèké tó fi gbé irin sókè kúrò lórí pákó hàn, kó sì ṣàlàyé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí irin bá dùbúlẹ̀ sórí pákó tí kọnkéré kò rí abẹ́ rẹ̀ wọ̀: omi á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dípẹtà, kọnkéré á sì máa jábọ́ láti òkè. Bíríkìlà tó bá ń ṣe èyí níbi gbogbo iṣẹ́ tó gbà, tó ń fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an, ti ní ìpolówó tí kò náwó sí. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò pín in fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Houston.

Pákó náà ńkọ́? Ìjẹ̀bú-Igbó kò kẹ̀rẹ̀ nínú òwò igi, gbogbo ẹni tó bá sì ti ra pákó rí ló mọ ẹjọ́ tó wà níbẹ̀: wọ́n á ní 2×4 ni, téèpù á ní kò tó bẹ́ẹ̀. Oní-sọ́ọ̀míìlì tó bá na téèpù lójú kámẹ́rà, tó fi pákó tútù wé èyí tó ti gbẹ, tó jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ ìrókò sí afàrà lójú ibi tí ayùn ti là á, kò nílò olórin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo ayùn náà tó.

Mo ti sọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye àjèjì lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, fídíò àti fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kárí ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó ṣe gbogbo Ìjẹ̀bú lóore tí owó ìpolówó kò lè rà. Síbẹ̀, mélòó nínú àwa tá a wo fídíò náà tá a sì pín in ló mọ ẹni tó rán aṣọ ọ̀hún, tàbí ẹni tó ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́? Òkìkí dára fún ìlú. Telọ ní tiẹ̀ nílò kí ẹni tó fẹ́ ránṣọ mọ ojúlé rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe fídíò ìpolówó kò fohùn ṣọ̀kan lórí bó ṣe yẹ kí fídíò gùn tó. Àwọn kan ń tẹnu mọ́ ọn pé bí kò bá wọni lọ́kàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti bàjẹ́. Orí YouTube ni ọ̀rọ̀ yẹn ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀, torí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni wọ́n ń gbà kéèyàn fo ọ̀pọ̀ ìpolówó ibẹ̀. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp náà kò kọ́kọ́ gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ọdún 2024 ni wọ́n sún un dé ìṣẹ́jú kan. Ní tèmi, iye owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ló ń sọ gígùn fídíò. Ẹni tó fẹ́ gẹrun kò ní wo ju ìṣẹ́jú àáyá ogún lọ. Ẹni tó fẹ́ fi owó tó fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ fún kọ́lé á wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún dá a padà sẹ́yìn láti wo ibi tí wọ́n ti na téèpù. Ohun tí àwọn méjèèjì kò ní fara dà ni orúkọ tó ń yí bírí.

Ti èdè, èrò méjì ló wà. Àwọn kan gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ dà bí ilé iṣẹ́. Mo rí ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, pàápàá fún lọ́yà tó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ báńkì. Àmọ́ láti ìgbà tí BBC ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá ní oṣù kejì ọdún 2018, tí wọ́n ń gbé fídíò kéékèèké jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni tún máa sọ pé Yorùbá kò bá fídíò òde òní mu. Ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àti àwọn tó lù ú ní jìbìtì àtàwọn tí kò lù ú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà sí i. Bó bá gbọ́ Yorùbá tó já geere, pàápàá tí ohùn Ìjẹ̀bú bá wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Kí Yorùbá wà lẹ́nu, kí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ nítorí ìyàwó tàbí ọmọ tí kò gbọ́, kí àmì ohùn sì wà lórí èyíkéyìí Yorùbá tí wọ́n bá kọ. Ilé iṣẹ́ tí kò lè kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ dáadáa, báwo la ṣe fẹ́ gbà pé á ka ìwé ilẹ̀ wa dáadáa?

Ojú ta ló yẹ kó wà nínú rẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lo òṣèré tíátà àtàwọn aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bá wọn mu, nítorí kò sí ẹni tó ń retí pé òṣèré náà ni yóò wá tún ìlà fóònù ṣe. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìmọ̀, ojú ẹni tó máa ṣe é ni oníbàárà fẹ́ rí. Ní Amẹ́ríkà, Michael Dubin tó dá Dollar Shave Club sílẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ nínú fídíò abẹ fífárí ní oṣù kẹta ọdún 2012. Nǹkan bíi dọ́là 4,500 ló ná an, èèyàn bíi 12,000 sì ra ọjà láàárín ọjọ́ méjì. Ní 2016, Unilever ra ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù dọ́là kan. Ṣáájú rẹ̀, ní 2006, Blendtec tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlọta ná nǹkan bíi dọ́là 50 lórí àwọn fídíò rẹ̀ àkọ́kọ́: ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọ aṣọ funfun bíi ti oníṣègùn, ó ń ju nǹkan líle sínú ẹ̀rọ kí ayé rí i bó ṣe ń lọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó lọ iPhone. Àwọn olùkọ́ ìpolówó fẹ́ràn láti máa fi àwọn méjèèjì yìí ṣàpẹẹrẹ àwàdà. Mo rò pé wọ́n ń ṣì í kà. Ti Blendtec, ẹ̀rí ni; àwàdà kàn bá a wọlé ni. Lọ́yà tó bá sì fẹ́ ṣe bíi Dubin níwájú kámẹ́rà, ẹgbẹ́ ẹ á pè é lẹ́jọ́ kí oníbàárà tó pè é.

Ohùn ló ń ba fídíò wa jẹ́ jù. Àwòrán lè ṣókùnkùn díẹ̀, èèyàn á ṣì wò ó. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn, wọ́n á pa á. Wọ́n ti kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2016 pé àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn kan rí i pé tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún fídíò wọn lórí Facebook ni wọ́n ń wò láìṣí ohùn sókè. Ìyẹn wúlò fún wa ní ti ọ̀rọ̀ tá a máa kọ sísàlẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ fi fídíò ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp máa gbé fóònù sétí ni. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ dúró de ìgbà tí gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ìtòsí bá dákẹ́. Ẹ lo gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ, kódà èyí tó wà lára wáyà fóònù sàn ju kí fóònù wà lókèèrè lọ. Ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ dátà náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Fídíò tó wúwo wá di owó lọ́rùn ẹni tó ń wò ó ní Òkè-Ṣọpẹ́n. Apple fúnra wọn kọ ọ́ sórí iPhone pé fídíò ìṣẹ́jú kan lè gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 60 tó bá jẹ́ 1080p, tó bá jẹ́ 4K, nǹkan bíi 170. Kò sí oníbàárà wa kan tó máa mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lórí fóònù rẹ̀.

Àwọn tó lè bá oníṣẹ́ ya fídíò kò jìnnà. Fásitì Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, Pólì Abraham Adesanya wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mọ fóònù lò ju àwa àgbà lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé wọ́n fẹ́ kí a rí gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi dúróònù ya òkè ilé iṣẹ́ yín.”

“Ọmọ mi, kí ni oníbàárà mi fẹ́ fi òkè páànù ṣe?”

Dúróònù gan-an kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń gbé fò. Ó ń gba ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Kí ọ̀gá gba ọ̀dọ́ náà, kó san owó tó yẹ ẹ́, àmọ́ kó sọ fún un pé iṣẹ́ òun ni kó yà.

Nígbà tí fídíò bá wá jáde, nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ohun tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń kà kò rí bákan náà. Nínú ìpolówó tí wọ́n sanwó fún lórí YouTube tó ṣeé fò, ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 30, tàbí kó parí, tàbí kí ẹni náà tẹ nǹkan níbẹ̀, kí wọ́n tó kà á. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni Facebook fi ń kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìparí oṣù kẹta 2025, YouTube Shorts ń kà á ní kété tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìpolówó fún ọ lè fi ti ibì kan wé tibòmíràn kí ó lè dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ ribiribi. Facebook pàápàá jẹ́wọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 pé fún nǹkan bí ọdún méjì ni ìṣirò òun ti fi kún iye àkókò tí àwọn èèyàn fi ń wo fídíò ju bó ṣe rí lọ. Àwọn olùpolówó pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là ní 2019. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹgbẹ̀rún méjì ìwò fún ọ̀gá bíríkìlà kò túmọ̀ sí ilé kan ṣoṣo.

Ibi tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìpolówó fídíò kì í sábà yà sí ni òfin, bẹ́ẹ̀ ó wúwo. Òfin ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tó rọ́pò òfin APCON tó wà láti 1988, ní ìpolówó tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ọjà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú rẹ̀. Ìkéde òkú, ìkíni àti ìkéde iṣẹ́ tó ṣófo wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ARCON gbé Meta tó ni Facebook lọ sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá, ó ń béèrè bílíọ̀nù 30 náírà nítorí ìpolówó tí wọn kò yẹ̀ wò. Mo gbà pé ó yẹ kí ìjọba dí ọ̀nà mọ́ irọ́. Ṣùgbọ́n òfin tó mú Meta àti telọ Òkè-Ṣọpẹ́n pọ̀ sójú kan náà, telọ kò ní gbọ́ nípa rẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n bá wá mú un. Ó yẹ kí ọ̀nà tó fúyẹ́ wà fún ilé iṣẹ́ kéékèèké, pẹ̀lú owó kékeré àti ìdáhùn kíákíá lórí fóònù.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ìlànà ìwà àwọn lọ́yà gba lọ́yà láyè láti polówó bó bá ṣe é níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ wé lọ́yà mìíràn, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, kò sì gbọ́dọ̀ ka iye ẹjọ́ tó borí. Dókítà ní ìdènà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ìlànà àjọ MDCN. Kò gbọ́dọ̀ pe aláìsàn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nípa ìyìn. Ẹni tó bá sì ń ta oògùn tàbí àgbo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC kó tó polówó rẹ̀. Ìbá jẹ́ pé àwọn tó ń sọ pé ìgò kan ń wo àrùn méjìlá gbọ́ èyí ni. Ẹ wo ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń ti àwọn oníṣẹ́ sí: wọ́n ní kí wọ́n má yin ara wọn, wọn kò ní kí wọ́n má kọ́ni. Dókítà Chinonso Egemba, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aproko Doctor, di ìlúmọ̀ọ́ká nípa ṣíṣàlàyé àìsàn fún ará ìlú lórí fídíò. Lọ́yà Ìjẹ̀bú-Igbó náà lè ṣàlàyé fún opó bí wọ́n ṣe ń gba ìwé àṣẹ lórí ohun ìní olóògbé, kó parí rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀.

Ohun méjì kéékèèké kù lórí òfin. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà, kò bójú mu rárá láti gbé ojú oníbàárà, ọmọ ilé ìwé tàbí ilé onílé jáde láìgba àṣẹ wọn; kí onítọ̀hún sọ ọ́ lójú kámẹ́rà tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀. Orin olórin náà, ohun ìní ni. YouTube ní ẹ̀rọ tó ń dá a mọ̀, ó sì lè pa ohùn fídíò rẹ. TikTok kò gba ilé iṣẹ́ láyè láti lo gbogbo orin tó wà lórí rẹ̀. Ẹ pe onílù àdúgbò, ẹ fún un lówó, kó lu tiyín fún yín.

Gbogbo eléyìí á já sófo bí oníbàárà bá pe fóònù tí kò sí ẹni tó gbé e. Fídíò tó dára ń mú ìbéèrè wá ní aago mọ́kànlá òru, nítorí ìgbà náà ni ẹni tó wà ní Houston ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́. WhatsApp Business lè dá a lóhùn pé ẹ máa pè é padà láàárọ̀, ó sì lè kó iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sójú kan kó rí i. Ó kù sọ́wọ́ ọ̀gá láti pè é lóòótọ́, kó sì ní ìwé kékeré kan lórí tábìlì tó ti ń kọ ìdáhùn gbogbo ẹni tó bá pè sí ìbéèrè kan: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló júwe wa fún yín?” Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ẹnì kan tó dárúkọ fídíò, kó dá owó tó ń san fún Facebook láti máa tì í káàkiri dúró, kó gbé fóònù lọ sórí ilẹ̀, kó sì ya iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́.